Wọ́n Hú Edan Nínú Ọgbà Ìgbafẹ́ Ìjọba: Ta Ló Ni Ín?

Lẹ́tà tó wọlé fún wa lọ́sẹ̀ yìí pọ̀. Ọ̀kan dá lórí ọkọ tí kì í wálé, ọ̀kan dá lórí olórí èésú tó gbówó ẹgbẹ́ sá lọ. A ó dé orí gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí n kò lè tì sẹ́yìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lọ́jọ́. Abẹ́òkúta ló ti wá. Ẹni tó kọ ọ́ ní ká má dárúkọ òun, èmi náà sì ti yọ orúkọ àdúgbò rẹ̀ kúrò. Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín:

“Sí Olóòtú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí ilé wa tó dàrú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní London ló wálé wá bá wa sìnkú bàbá wa àgbà. Ó gbé ẹ̀rọ kan bọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ̀rọ náà gùn bí ọ̀pá ìtilẹ̀, ó ní àwo pẹrẹsẹ kan nísàlẹ̀, ó sì máa ń dún bí irin bá wà nínú ilẹ̀. Ó ní nǹkan táwọn òyìnbó fi ń najú lópin ọ̀sẹ̀ ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó gbé e lọ sí ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba kan tó wà nítòsí wa, níbi táwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìdérí ìgò ló kọ́kọ́ ń rí, àti ìṣó. Nígbà tó dé abẹ́ igi kan, ẹ̀rọ náà ké. Ó gbẹ́ ilẹ̀ títí ihò náà fi mu ún dé orúnkún. Ohun tó fà yọ ni ère idẹ méjì, akọ kan, abo kan. Irin wà nísàlẹ̀ wọn, ẹ̀wọ̀n sì so wọ́n pọ̀ lórí.

“Láti ọjọ́ náà, oorun ò kun ojú wa mọ́. Ìyá mi ní ká gbé e fún wòlíì kó dáná sun ún. Àbúrò mi ní ká jù ú sódò Ògùn lóru. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ká má yọ ara wa lẹ́nu, pé òun ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnìkan l'Ékòó, ẹni náà yóò sì kówó wá lọ́jọ́ Sátidé. Ẹ̀yin ọ̀gá, n kò ní purọ́ fún yín. Owó tó dárúkọ yóò san gbèsè ìsìnkú tó wà lọ́rùn wa, yóò tún ṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Ta ló ni nǹkan yìí? Ṣé ẹni tó rí i ni, àbí ìjọba, àbí àwọn àgbà? Kí ni ká ṣe?”

Ibi tí lẹ́tà náà parí sí nìyẹn. Nítorí pé Sátidé kì í dúró de ìwé ìròyìn, a ti fèsì ránṣẹ́ sí wọn lọ́tọ̀. Ohun tí a sọ kò gùn: ẹ má tà á, ẹ má sun ún, ẹ má sì jù ú sódò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti agbo ilé kan ṣoṣo lọ. Ojoojúmọ́ ni à ń walẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ẹnìkan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ẹnìkan ń gbẹ́ kànga, katakata ń la títì, àwọn ọmọ kan ń fi mágínẹ́ẹ̀tì wá irin kóńdẹ́ẹ̀mù káàkiri ààtàn. Ẹnikẹ́ni nínú wọn lè bá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pàdé lọ́la. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n là á sílẹ̀ ní gbangba kí gbogbo wa jọ gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, bó bá rí bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn, edan ni. Èmi kì í ṣe ọmọ awo, n kò sì ní sọ ohun tí kò tọ́ sí mi. Ohun tó wà nínú ìwé, tó sì wà nínú àpótí gíláàsì ní musíọ̀mù káàkiri ayé, ni mo fẹ́ sọ. Asúdẹ ló ń ṣe edan. Yóò kọ́kọ́ fi ìda oyin mọ ère náà sára ọ̀pá irin. Yóò fi amọ̀ bò ó, yóò gbé e síná kí ìda náà yọ́ jáde, yóò wá da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda ti kúrò. Bó bá tutù tán, yóò fọ́ amọ̀ náà dànù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni amọ̀ náà wúlò, nítorí náà kò sí edan méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Èyí tó bá bàjẹ́, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí ẹnikẹ́ni tó lè ṣe irú rẹ̀ gan-an mọ́.

Akọ àti abo ni edan, ẹ̀wọ̀n ló sì so wọ́n pọ̀. Ìmùlẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn Ògbóni fi ń múlẹ̀, òun ni wọ́n sì ń bọ. Wọ́n ń fi edan ránṣẹ́, wọ́n sì ń fi í parí ìjà. Ẹ má sì jẹ́ kí sinimá tàn yín. Ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àtijọ́, Ògbóni kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ìjọba ni. Ìlú kọ̀ọ̀kan tó wá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ló ní Ògbóni tirẹ̀, Olúwo tirẹ̀, Apènà tirẹ̀. Àwọn ló ń dájọ́, àwọn ló ń fi ọba jẹ. Ẹni tó bá hú edan, ó dà bí ẹni tó hú òǹtẹ̀ ìjọba àwọn baba wa ni.

Ó wá ku ìbéèrè kan: báwo ló ṣe dé abẹ́ igi yẹn? Àwọn Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní 1830, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Ogun ló lé wọn dé ibẹ̀, ogun sì tún bá wọn níbẹ̀. Àwọn ará Dàhòmì kọ lù wọ́n ní 1851, wọ́n tún padà wá ní 1864. Ní 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n fọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé àwọn míṣọ́nnárì, tí wọ́n sì lé àwọn òyìnbó jáde nílùú. Nínú gbogbo rúkèrúdò yẹn, ó lè jẹ́ ẹni tó ń sá ogun ló ri edan náà mọ́lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ilédì kan wà níbẹ̀ rí. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó gba ìgbàgbọ́ ló jù ú nù. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára edan fúnra rẹ̀. Inú ilẹ̀ tó yí i ká ni ìdáhùn wà. Bí eérú bá wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bí ilẹ̀ ilé tí wọ́n rẹ́ bá wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Bí àwo fífọ́ àti owó ẹyọ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ti wọlé. Kò sí idán nínú rẹ̀ o. Wáyà ni wọ́n ká sínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iná bátìrì ń gba inú wáyà náà kọjá, agbára rẹ̀ a sì wọnú ilẹ̀ lọ díẹ̀. Bó bá kan irin, tàbí bàbà, tàbí idẹ, tàbí wúrà, nǹkan náà a dá agbára yẹn lóhùn, ẹ̀rọ a sì ké. Ó tán. Kò mọ ti àná yàtọ̀ sí ti ayé Ṣódẹkẹ́. Bó ṣe ń ké fún ìdérí ìgò, bẹ́ẹ̀ náà ló ń ké fún edan. Ṣùgbọ́n ó dití sí amọ̀. Ó dití sí ìlẹ̀kẹ̀, sí eegun, sí èédú, sí owó ẹyọ. Ẹni tó bá ń tẹ̀lé igbe rẹ̀, tó fi ọkọ́ gbẹ́ ihò wúyẹ́wúyẹ́ láti fa ohun tó ké yọ, gbogbo ohun tí kò ké ló ń fọ́ bọ̀ lọ́nà. Ó dà bí ẹni tó ya ojú ìwé kan nínú ìwé ńlá, tó ju ìyókù síná.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Igbo-Ukwu, nílẹ̀ Ìbò. Ní 1938, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Isaiah Anozie ń gbẹ́ ihò tí yóò máa gbomi òjò pa mọ́ sí nínú ọgbà rẹ̀. Ọkọ́ rẹ̀ kan idẹ. Kò mọ ohun tó jẹ́. Àwọn aládùúgbò bá a pín nínú rẹ̀, òmíràn sì lọ sọ́wọ́ ìjọba. Ó di 1959 kí ọ̀jọ̀gbọ́n kan, Thurstan Shaw, tó wá wa ilẹ̀ náà bó ṣe yẹ, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì àti ìwé tó ń kọ ohun gbogbo sí. Yàtọ̀ sí idẹ, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n rí lé ní 165,000. Igi àti èédú tó kù nínú ilẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ti tó bí ọ̀rúndún kẹsàn-án tí wọ́n ti kó wọn síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: kò sí ọ̀kan nínú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyẹn tí ẹ̀rọ London lè gbọ́. Èédú tó sì sọ ọjọ́ orí wọn, pàǹtí lásán ni lójú ẹni tó ń wá idẹ.

Ẹ jẹ́ ká padà sílẹ̀ Yorùbá. Ní 1938 yẹn kan náà, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni. Orí idẹ tí wọ́n bá níbẹ̀ ju mẹ́wàá lọ. Àwọn orí tí gbogbo ayé ń pariwo wọn títí di òní nìwọ̀nyẹn. Kí ó tó pẹ́, mẹ́ta ti kúrò ní Ifẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó tó jẹ́ olóòtú Daily Times l'Ékòó nígbà náà. Ní 1939 ó ti dé British Museum ní London, ibẹ̀ náà ló sì wà di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Méjì tó kù bọ́ sọ́wọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom. Òun ní tirẹ̀ dá wọn padà ní 1950. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọkọ́ àwọn bíríkìlà ló kó wọn jáde, títí di òní làwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn lórí ìdí tí wọ́n fi kó orí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ pa mọ́ síbì kan.

Ní 1957, ní Ìta Yemòó ní Ifẹ̀ kan náà, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ tún kan idẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ náà tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Frank Willett wá, ó sì wa ibẹ̀ wò pẹ̀lú sùúrù. Ó rí ère idẹ, ó rí ère amọ̀, ó rí ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tò lọ́nà ẹwà. Ohun tí a mọ̀ nípa Ìta Yemòó pọ̀ ju ohun tí a mọ̀ nípa Wúnmọníjẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlú kan náà ni. Ẹni tó dáwọ́ ọkọ́ dúró ló fa ìyàtọ̀. Bí ẹ bá rántí ohun kan ṣoṣo nínú ìwé tí mo kọ lónìí, ẹ rántí èyí.

Ó wá kan ìbéèrè pàtàkì: ta ló ni ín? Ẹ̀gbọ́n mi, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ fún yín. Ẹni tó rí i kọ́ ló ni ín. Ilẹ̀ ìjọba ni ọgbà ìgbafẹ́ náà, kì í ṣe oko bàbá yín. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà ní Nàìjíríà láti 1953. Òfin ọdún 1979 ló dá àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó musíọ̀mù àti ohun ìrántí sílẹ̀. Lábẹ́ òfin yẹn, kò sí ẹni tó lè walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá ṣèèṣì rí i gbọ́dọ̀ lọ sọ. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó bá lówó ló lè ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gbé e jáde nílẹ̀ yìí láìgbàwé. Nítorí náà, bí bàbá Èkó yẹn bá dé lọ́jọ́ Sátidé, tirẹ̀ nìkan kọ́ ni yóò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin náà ti wọ̀ ọ́.

Ìyẹn ni ti òfin. Ní ti ìṣe wa, edan kì í ṣe ohun aláìní olówó. Ògbóni ìlú tó ni ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀ ṣì wà. Wọ́n ní Olúwo, wọ́n ní ilédì. Mi ò rò pé ó tọ́ kí ẹnikẹ́ni gbé edan wọn sínú àpótí gíláàsì láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ sí i, bí kò ṣe tọ́ kí àwọn náà gbé e wọlé láìjẹ́ pé ìjọba kọ ọ́ sílẹ̀. Kí méjèèjì jókòó pọ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé ọmọ yín jẹ́ olùtọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ ni, kì í ṣe olówó rẹ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

Ọmọ yín lè ní ará oko ni wá, pé ní London nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í léèrè dáadáa. Ní England, ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ yẹn wọ ilẹ̀ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ káńsù ni, àyè káńsù ni yóò gbà, ọ̀pọ̀ káńsù kì í sì í fún ni. Òfin ìṣúra tí wọ́n ṣe ní 1996 ní kí ẹni tó bá rí ìṣúra àtijọ́ lọ fi han ìjọba láàárín ọjọ́ 14. Ní 2009, ọkùnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, Terry Herbert, gbàyè lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan ní Staffordshire, ó sì bá wúrà tó lé ní kílò márùn-ún nínú oko rẹ̀. Ó lọ sọ. Àwọn musíọ̀mù ra ìṣúra náà ní £3,285,000, òun àti àgbẹ̀ náà sì pín owó náà. Ní 2015, àwọn ọkùnrin méjì kan rí ìṣúra àwọn Viking ní Herefordshire. Àwọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ńṣe ni wọ́n ń tà á lábẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ jù wọ́n sẹ́wọ̀n ní 2019. Ọ̀pọ̀ lára owó fàdákà tí wọ́n hú kò sì ṣeé rí mọ́. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ní London ni, ẹ̀wọ̀n ni ohun tí ọmọ yín fẹ́ ṣe lọ́jọ́ Sátidé yẹn lè gbé e lọ. Ọmọ onílẹ̀ ló yẹ kó tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Kí ló dé tí ọmọ onílẹ̀ fi wálé wá tẹ̀ ẹ́ bàsùbàsù bí àjèjì?

Ìyá wa tó ní kí wòlíì sun ún, ẹ má bínú sí mi o. Kò sí ẹni tó ní kí ẹ bọ edan. Ṣùgbọ́n kí èèyàn má bọ nǹkan yàtọ̀ sí kó bà á jẹ́. Henry Townsend, míṣọ́nnárì tó wá sí Abẹ́òkúta ní 1846, tó sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní 1859, kò sí ẹni tó lè ní kì í ṣe onígbàgbọ́. Síbẹ̀, òun náà kó ohun àwọn ará Abẹ́òkúta lọ sílé. Wọ́n wà ní musíọ̀mù ìlú Exeter ní England títí di òní. Bí oníwàásù òyìnbó bá rí i pé ó yẹ ní títọ́jú, kí ló wá dé tí àwa ọmọ onílé yóò máa dáná sun ún? Àbúrò yín tó ní kẹ́ ẹ jù ú sódò náà kò gbà wá. Odò Ògùn kì í yá ni ní nǹkan kó dá a padà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé ti ń kùn báyìí pé: “Musíọ̀mù wo? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń jí i náà ni?” Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe irọ́. Olè wọ musíọ̀mù Jos ní 1987, wọ́n kó ohun iyebíye lọ. Láàárín 1993 sí 1994, wọ́n wọ ti Ilé-Ifẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì fún yín. Nítorí pé fọ́tò àwọn ohun tí wọ́n jí ní Ifẹ̀ wà nílẹ̀, àjọ ICOM, ìyẹn àjọ àwọn musíọ̀mù lágbàáyé, tẹ àwòrán wọn sínú ìwé ní 1994. Àwọn orí amọ̀ kan jáde ní ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn náà, wọ́n dá wọn mọ̀, wọ́n sì gbà wọ́n padà. Ohun tó ní fọ́tò àti ìwé, bí olè gbé e, a lè wá a. Edan tí ẹ bá fún bàbá Èkó lóru, ta ni yóò wá a? Ta ni yóò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà rí?

Ẹ sì wo àkókò tí a wà. Ní 2022, Horniman Museum ní London gbà láti dá ohun Bìní 72 padà. Jámánì náà gbé tirẹ̀ wá lọ́dún kan náà. Ní 2025, Netherlands dá 119 padà. Ọdún mélòó la fi pariwo kí wọ́n tó gbọ́? Bí òyìnbó bá ń kó ti ọdún 1897 padà wá fún wa, tí àwa sì ń ta tiwa fún wọn láti ẹnu ihò, ojú wo la fẹ́ fi bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la?

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, n kò sì ní fò ó. Gbèsè ìsìnkú kì í ṣe eré. Ẹni tí olówó ń kanlẹ̀kùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kò rọrùn láti bá a sọ̀rọ̀ nípa ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa, Ẹ̀gbọ́n. Bàbá Èkó kò ní san ju ìdá kékeré nínú ohun tí yóò tà á lókè òkun. Ẹ̀yin lẹ óò jẹ díẹ̀, ẹ̀yin náà lọlọ́pàá yóò sì wá wá. Ẹ pe ẹbí jọ, ẹ pín gbèsè náà, ẹ bẹ àwọn olówó kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ọmọ London tó lówó ẹ̀rọ, kó kọ́kọ́ tọwọ́ bàpò.

Ohun tí ẹ óò ṣe nìyí. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti yanrìn fọ̀ ọ́, ẹ má sì fi nǹkan kùn ún kó lè máa dán. Erùpẹ̀ ara rẹ̀ wà lára ẹ̀rí. Ẹ fi aṣọ mímọ́ gbígbẹ wé e, ẹ gbé e sínú páálí, ẹ má dì í sínú ọ̀rá. Ẹ padà sí abẹ́ igi yẹn, ẹ fi òkúta sàmì síbẹ̀, ẹ ya fọ́tò ihò náà, ẹ sì kọ bó ṣe jìn tó. Ẹ má gbẹ́ ẹ síwájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀yin àti ọmọ yín mú àgbàlagbà kan nínú ẹbí, kí ẹ lọ rí Olúwo àdúgbò náà. Láti ibẹ̀, kí gbogbo yín jọ lọ sí ọ́fíìsì musíọ̀mù tó wà l'Ábẹ́òkúta. Ẹ má fi edan sílẹ̀ láìgba ìwé. Kí ọjọ́ wà lára ìwé náà, kí fọ́tò wà níbẹ̀, kí ìwọ̀n wà níbẹ̀, kí ẹni tó gbà á sì buwọ́ lù ú. Ẹ gba ẹ̀dà kan, kí Olúwo gba ẹ̀dà kan. Òótọ́ ni pé ohun tí ọmọ yín ṣe kò bófin mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ òótọ́ sàn ju ẹni tí wọ́n wá mú nílé lọ.

Mo ní ọ̀rọ̀ fún ìjọba náà. Ẹ̀yin ìjọba Ògùn àti ẹ̀yin àjọ musíọ̀mù, òfin tó kàn ń halẹ̀ mọ́ tálákà kò lè mú kó lanu. Ní 1943, nítòsí Jẹmaa lápá Àríwá, orí amọ̀ Nok kan wà nínú oko iṣu bí ọdún kan, tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ, kí ẹni tó mọyì rẹ̀ tó rí i. Kò sí ẹni tó sọ fún olóko pé ó níyì, ibo ló ti fẹ́ mọ̀? Ẹ lọ sọ ọ́ lórí rédíò lédè Ẹ̀gbá. Ẹ sọ fún àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń la títì pé bí katakata bá kan nǹkan, kí wọ́n dúró. Ẹ bá àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀, nítorí pé idẹ àtijọ́ tó bá ti dé orí ìwọ̀n wọn, inú iná ló ń lọ. Ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó bá rí nǹkan tó sì mú un wá. Àwọn òyìnbó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tí wọ́n fi ń sanwó fún ẹni tó jẹ́wọ́. Bí olóòótọ́ bá padà sílé lọ́wọ́ òfo, tí ọlọ́pàá sì tún fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fọ́jọ́ mẹ́ta, aládùúgbò rẹ̀ tó bá rí tirẹ̀ lọ́la yóò mọ ohun tó máa ṣe. Bàbá Èkó ni yóò tẹ̀ láago.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kí lẹ rí sí i? Ṣé Olúwo ló yẹ kó gba edan náà ni, àbí musíọ̀mù? Ẹ kọ̀wé sí wa, ẹ jẹ́ kó ṣe ṣókí, a ó tẹ èyí tó bá lọ́gbọ́n nínú jáde. Ẹ̀gbọ́n tó ni lẹ́tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí fún wa. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó dé orí ọ̀rọ̀ olórí èésú tó gbówó ẹgbẹ́ sá lọ. Ó dìgbà o.